Gbódò Màmá àti Ọyẹ́ Kánò: Bí A Ti Ń Sá Oúnjẹ Pamọ́ Nínú Ilé

 Ní àkókò ọyẹ́, bí ènìyàn bá jí lówùúrọ̀ ní Kánò, yóò rò pé ẹnì kan ti bu ẹfun dà sí gbogbo ìlú. Awọ ara a fún, gìgísẹ̀ a sán, ilẹ̀kùn tí ó ti wú tí kò ṣeé tì nígbà òjò a sì máa ṣí fúnra rẹ̀, nítorí pé igi rẹ̀ ti gbẹ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ni ó ń bú ọyẹ́ yìí láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ẹgbẹ́ wa lẹ́ẹ̀kan yìí ni pé ọyẹ́ kan náà tí ń la ètè wa ni alágbàṣe tí kì í gba owó, bí a bá mọ iṣẹ́ tí a ó gbé fún un.

Ẹ wo ọjà Yankaba ní àkókò yìí. Tòmátì láti oko olómi Kura àti Kadawa, níbi tí omi odò tí ìjọba sé ní Tiga (iṣẹ́ náà parí ní 1974) ti ń rin ilẹ̀, ń ya wọ ọjà bí ẹni pé kò ní tán mọ́. Àwọn tí ń tà á a máa bẹ ènìyàn kí ó gbé apẹ̀rẹ̀ kan lọ kí ó má bàa rà mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí òjò bá dé, tòmátì kan náà a di ohun tí a ń kà sí ọwọ́ lẹ́yọ lẹ́yọ. Ẹni tí ó wà ní ilẹ̀ Haúsá ní oṣù Karùn-ún 2016 kò ní gbàgbé bí kòkòrò tí a ń pè ní Tuta absoluta ti wọ inú oko, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná fi kéde pé ọ̀rọ̀ tòmátì ti di pàjáwìrì, tí ọ̀pọ̀ ilé sì ń se ọbẹ̀ tí kò pọ́n. Ilé tí ó ní agolo tòmátì gbígbẹ méjì ní àkókò náà, ọlọ́rọ̀ ni.

Kí a tó dé orí tòmátì, ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn kan tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé àwa tí a ń kọ ìwé yìí, nítorí pé òun ni ó la ojú wa.

Ní oṣù Kẹsàn-án èṣí, ìyá tí ó bí wa lọ́mọ, tí ń gbé ní Ṣakí, fi àpò gbódò kan ránṣẹ́ sí wa. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àpò gbódò láti ilé jẹ́ fún ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Òun fúnra rẹ̀ ni ó bẹ iṣu náà, òun ni ó bọ̀ ọ́, òun ni ó sá a. Ó gbọ́ pé ará àdúgbò kan ń bọ̀ ní Kánò, kò sì fẹ́ kí ẹni náà wá lọ́wọ́ òfo, bẹ́ẹ̀ ni òjò kò tíì dá. Ó sá gbódò náà ní àárín òjò méjì, ó dì í sínú àpò, mọ́tò sì gbé e gba Ìlọrin, Jẹ́bà, Mókwà àti Kàdúná, ọjọ́ mẹ́ta gbáko lábẹ́ tápólì.

Nígbà tí ìyàwó wa tú okùn ẹnu àpò náà, òórùn kan sọ sí wa nímú, bí òórùn ẹní tí omi ti rin tí a kò sì sá. Èyí tí ó wà lókè dára lójú. Nígbà tí a ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, ó ń rọ̀ mọ́ ọwọ́, ó sì ti bu: ohun kan bí òwú ti hù sí i lára, ó funfun níbòmíràn, ó ní àwọ̀ ewé níbòmíràn.

Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà kan ní àgbàlá wa sọ pé kò sí ohun tí ó ṣe é, pé kí a fi ọ̀bẹ họ ara rẹ̀, kí a ṣàn án, kí a tún un sá, kí a sì lọ̀ ọ́. Pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ti ń ṣe é láti ìgbà èwe àwọn, àwọn kò sì kú. Ẹlòmíràn ní kí a jẹ ti òkè, kí a fi ti ìsàlẹ̀ fún adìyẹ. Kí a má purọ́, ìmọ̀ràn ìyá àgbà náà wọ àwa létí. Owó oṣù kò tíì wọlé, àpò náà tó èlùbọ́ oṣù méjì, ta ni yóò sì gbé fóònù pe ìyá rẹ̀ pé òun ti da iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí ààtàn? Fún ọjọ́ mẹ́ta ni àpò náà fi dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí a ń rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ìyàwó wa ni kò gbà. Àbíkẹ́yìn wa kò tíì pé ọdún méjì nígbà náà. Nígbà tí ó gbé ọmọ náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ, ó bi nọ́ọ̀sì léèrè, nọ́ọ̀sì sì ní kí ó má ṣe dán an wò. Ìgbà tí àwa náà wá ìdí ọ̀rọ̀ náà ni a tó mọ̀ pé ìbéèrè ọjọ́ náà kì í ṣe ìbéèrè kékeré.

Ohun tí ń hù lára oúnjẹ tí kò gbẹ tán, ohun ẹlẹ́mìí ni, ó sì ní gbòǹgbò tí ojú kò rí. Bí a bá họ ẹ̀yìn rẹ̀, inú ṣì kù síbẹ̀. Irú kan nínú wọn a máa tu májèlé tí a ń pè ní aflatoxin. Ọdún 1960 ni ayé tó fura sí i, nígbà tí tòlótòló tí ó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a sì tọ ipa ikú náà títí dé ìdí oúnjẹ ẹ̀pà tí ó bu, tí wọ́n kó wá láti Brazil. Ní Kenya ní 2004, àgbàdo tí a kó pamọ́ pẹ̀lú ọ̀rinrin gbé ènìyàn 317 dùbúlẹ̀, 125 nínú wọn sì kú. Iná ìdáná wa kò ràn án: bí a rò ó di àmàlà, bí a sè é títí, májèlé náà kò lọ. Ẹni tí ó bá sì ń jẹ díẹ̀díẹ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀dọ̀ ni ó ń bá a jà, ó sì lè di jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ní ti ẹni tí ó ní kí a fún adìyẹ, ẹ rántí tòlótòló.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe torí èyí máa sá fún dúdú èlùbọ́. Iṣu tí a bẹ, tí a bọ̀, tí a sá, a máa dúdú fúnra rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i, gẹ́gẹ́ bí ojú iṣu tútù tí a gé ti ń pọ́n bí a bá fi í sílẹ̀. Èyí kò ní àbùkù. Ohun tí ó hù bí irun tàbí bí òwú, àti òórùn ẹní tútù yẹn, ni kí a máa ṣọ́ra fún.

A gbẹ́ ilẹ̀, a sì rì í mọ́lẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà a pe Màmá. Ó dákẹ́ títí tí a fi rò pé fóònù ti já. Lẹ́yìn náà ó ní, "O da gbódò mi nù?" A ṣàlàyé, a ṣàlàyé, a dé orí tòlótòló. Ó ní, "Ó dáa." Fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà kò pè wá, bí a bá sì pe òun, ọmọ àbúrò wa ni ó ń gbé e, tí yóò sọ pé Màmá wà ní ẹ̀yìnkùlé.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá, Màmá sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Kánò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ pè é, pẹ̀lú ọ̀bẹ iṣu rẹ̀ tí ó fi aṣọ wé. Ó ní òun wá wo ilé tí wọ́n ti ń da oúnjẹ nù. Ọjọ́ kejì ni ó ní kí a mú òun lọ ra iṣu. Iṣu tí ó ń wá sí Kánò láti ìhà Benue àti Niger, ó kọ́kọ́ fojú tín-ín-rín rẹ̀, ó ń tẹ ìdí rẹ̀ bí ẹni tí ń yẹ ọmọ wò, kí ó tó mú ogójì.

Ọ̀nà tí ó gbà ṣe é nìyí, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyàwó wa tí a bí síhìn-ín kò rí i rí. Ó bẹ iṣu, ó gé e sí ọ̀nà tí kò nípọn ju ìka kékeré lọ. Ó gbé omi kaná títí tí ó fi gbóná tí ọwọ́ kò lè gbà á pẹ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó hó, nítorí omi tí ó hó yóò se iṣu náà jinná. Ó kó iṣu sínú rẹ̀, ó bò ó, ó sì fi í síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ní òwúrọ̀ ó ro omi rẹ̀ dànù, ó sì bèèrè ibi tí a ó sá a sí.

Àwa nàka sí orí pánù òrùlé ṣọ́ọ̀bù tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń sá nǹkan sí. Màmá wò ó, ó ní orí ibi tí ológbò ń sùn kọ́ ni a ń sá oúnjẹ sí. Gbólóhùn náà ni ó mú wa lọ bá káfíńtà. Ó ṣe férémù igi mẹ́rin fún wa, gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan tó apá méjì, a sì na nẹ́ẹ̀tì oníke tí a fi ń sé ẹ̀fọn lójú fèrèsé sí i. A gbé wọn lé orí búlọ́ọ̀kù, kí afẹ́fẹ́ lè gba ìsàlẹ̀ kí ó sì gba òkè. A fi nẹ́ẹ̀tì mìíràn bo ojú rẹ̀ nítorí eṣinṣin àti eruku. Ewúrẹ́ kan ni ó fẹ́ bà á jẹ́ ní ọjọ́ kìíní. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé búlọ́ọ̀kù méjì lórí ara wọn kò tó, mẹ́ta ni.

Ní ọ̀sán oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní ní Kánò, ìwọ̀n ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ kì í sábà tó 30 nínú 100. Bí oòrùn kò tilẹ̀ mú, afẹ́fẹ́ gbígbẹ yìí ń fa omi jáde nínú ohun gbogbo tí a bá tẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń fà á jáde ní ètè wa. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ní kí ẹ gba afẹ́fẹ́ láyè ní ìsàlẹ̀ àti lókè: oòrùn kọ́ ni olórí iṣẹ́, afẹ́fẹ́ ni. Ní alẹ́, Màmá a máa kó gbogbo rẹ̀ wọlé, nítorí pé òtútù òru a máa dá ọ̀rinrin padà sára ohun tí a ti sá.

Ní ọjọ́ kẹrin ó mú ọ̀kan, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó ró "pá!" bí igi ìdáná. Ó wo àárín rẹ̀. Ó tún ṣẹ́ òmíràn. Ó ní, "Afẹ́fẹ́ ìlú yín yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ní ilé, bí òjò kò bá tíì dá, ọjọ́ kẹwàá ni màá ṣì máa sáré kó o wọlé, kó o síta." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ń kó èyí tí ó gbẹ sínú garawa. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ọ́, kò wo ojú wa: "Ti oṣù Kẹsàn-án yẹn, mo mọ̀ pé inú rẹ̀ kò gbẹ. Ẹni tí ń bọ̀ ni ó ń kán mi lójú." Kò sí ẹni tí ó tún mẹ́nu kan gbódò ìjelòó mọ́ nínú ilé wa.

Ó kù díẹ̀ kí a gbàgbé tòmátì.

Àwa náà ti ṣe tiwa rí kí Màmá tó dé, ó sì yẹ kí a jẹ́wọ́. Ní ọdún tí ó ṣáájú, a ra apẹ̀rẹ̀ tòmátì méjì, a là wọ́n sí méjì méjì, a tò wọ́n sórí pánù òrùlé. Lọ́jọ́ kẹta a rò pé ó ti gbẹ nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti hunjọ, a kó o ní ọ̀sán gangan tí ó ṣì gbóná, a dì í sínú ọ̀rá, a so ó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, omi ti ń kán sílẹ̀ nínú ọ̀rá náà, tòmátì sì ti bu láti etí dé etí. Àṣìṣe mẹ́ta ni a ṣe, ó sì wù wá kí ẹ gbọ́ wọn lẹ́nu wa ju kí ẹ fi owó yín kọ́ ọ.

Èkíní ni pánù. Omi tòmátì kan, kì í sì í bá pánù tí a fi síǹkì pa lára rẹ́. Bí a bá tẹ́ ẹ lé e lórí tààrà, á bó ohun tí a fi pa pánù náà mọ́ra. Nẹ́ẹ̀tì oníke, ẹní mímọ́ tàbí aṣọ funfun ni kí ẹ lò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá títì kò dára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àgbẹ̀ tí tòmátì wọn pọ̀ jù kò rí ibòmíràn. Iyanrìn ibẹ̀ kì í tán nínú ọbẹ̀, èéfín mọ́tò sì ń bà lé e.

Èkejì ni gígé. Tòmátì jẹ́ omi tí ó tó 94 nínú 100. Èyí tí a kàn là sí méjì, ẹ̀yìn rẹ̀ a gbẹ, inú rẹ̀ a ṣì tutù. Ẹ yan èyí tí ẹran rẹ̀ pọ̀, tí omi rẹ̀ kò pọ̀, irú èyí tí ó gùn bí ẹyin. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ yọ ibi tí ó ti rà kúrò pátápátá, ẹ gé e wẹ́wẹ́ kí ó má ju ìdajì ìbú àtàǹpàkò lọ, ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ wọ́n ọn kí omi rẹ̀ lè tètè sun jáde. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀kan gun orí èkejì. Lọ́jọ́ kejì ẹ yí i padà. Bí ọyẹ́ bá mú, ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún tó fún un. Yóò dàbí awọ bàtà: ó ṣeé ká, ṣùgbọ́n bí a bá fún un, kò sí omi tí yóò jáde, kò sì ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Iṣẹ́ akọ̀wé ẹrù ní réluwé ti mọ́ wa lára débi pé a kì í lè rí ẹrù kí a má wọ̀n ọ́n, nítorí náà a gbé e lé ìwọ̀n: kílò 20 tí a gé ku kílò kan àti díẹ̀. Ìyàwó wa rò pé a ti ji í. Omi ni ó lọ.

Ẹ̀kẹta ni gbígbóná. Ohun tí a kó láti inú oòrùn, ẹ jẹ́ kí ó tutù tán kí ẹ tó dì í, nítorí pé ooru rẹ̀ ni yóò di ìrì nínú agolo. Lẹ́yìn èyí, ẹ kó o sínú ìgò tí ojú ń rí inú rẹ̀, kí ó má kún jù, kí ẹ sì máa mì í lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ìrì bá yọ lára ìgò náà, kò tíì gbẹ, ẹ dá a padà sí orí nẹ́ẹ̀tì. Bí ọ̀sẹ̀ bá pé tí kò yọ, ẹ dì í pa, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí ó ṣókùnkùn tí ó sì tutù. Ìdánwò ìgò yìí ni ó wúlò jù nínú gbogbo ohun tí a sọ. Gbogbo ohun tí a bá sá ni a lè fi dán wò.

Ilá kò ní wàhálà. Gbogbo wa ni ó mọ orúnlá. Kí ilá má gbó, kí a gé e wẹ́wẹ́, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ní ọyẹ́ yìí ó ti ń ṣẹ́. Àlùbọ́sà náà bẹ́ẹ̀, àyàfi pé ẹni tí ń gé e yóò sunkún. Ata ṣọ̀ǹbọ̀ a máa pẹ́ bí a bá sá a lódindi. Ẹ là á, yóò sì yá. Nígbà tí ẹ bá mì ín tí irúgbìn inú rẹ̀ ń ró bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó ti tó gún. Tàtàṣé ni kí ẹ gé bí tòmátì.

Ewé ni ó yàtọ̀. Ẹ má ṣe tẹ́ ẹ sí ojú oòrùn, nítorí oòrùn tààrà ń pa ohun tí ń ṣe ojú àwọn ọmọ wa láǹfààní nínú ewé, tí wọ́n ń pè ní fítámì A. Abẹ́ òrùlé, níbi tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, ni kí ẹ na ewédú tàbí tẹ̀tẹ̀ sí. Àwọn obìnrin Haúsá mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, ó sì yẹ kí a kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn. Kúkà tí wọ́n ń tà ní mudu ní ọjà, ewé igi osè ni, èyí tí àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ń pè ní lúrú. Màmá ra mudu kan, ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ó ní, "Ẹ ti ní lúrú níhìn-ín, ẹ sì ń yọ mí lẹ́nu pé kí n fi ránṣẹ́!"

Máńgòrò náà ṣeé sá, ṣùgbọ́n kí ẹ dúró di ìgbà tí ó bá pọ̀, láàrin oṣù Kẹrin sí oṣù Karùn-ún, kí ẹ sì ṣe é kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ gan-an. Èyí tí ó pọ́n tí kò rọ̀ jù ni kí ẹ gé tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kí ó má bàa dúdú. Àwọn ọmọ kì í jẹ́ kí ó dé inú ìgò, nítorí náà a kò lè sọ bí ó ti ń pẹ́ tó.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí kò ṣeé fi ṣeré. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ta òtápiápiá sí gbódò, sí ẹ̀wà àti sí ẹja gbígbẹ kí kòkòrò má bàa wọ̀ ọ́. Ní 2008 àwọn dókítà kan ní Ìlọrin kọ ìwé jáde nípa ìdílé márùn-ún tí àmàlà èlùbọ́ gbé dùbúlẹ̀. Ní 2009 irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde nípa Kánò wa níhìn-ín. Oògùn tí a fi pa kòkòrò mọ́ kúrò lára gbódò ni wọ́n fura sí. Ní 2019 NAFDAC fi òfin de títa ìgò kékeré oògùn dichlorvos nínú ọjà, nítorí irú ìlòkulò báyìí. Ohun tí ó gbẹ tán, tí a sì dì pa kí afẹ́fẹ́ má wọlé, kò nílò oògùn. Fún ẹ̀wà, àpò onípele mẹ́ta wà tí a ń pè ní PICS: ọ̀rá méjì ni ó wà nínú rẹ̀, a ó so ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kòkòrò tí ó bá wà nínú rẹ̀ yóò sì kú nítorí pé kò rí afẹ́fẹ́ mí. Bí ẹ bá ń ra gbódò lọ́jà, ẹ fi sí imú. Bí ó bá ń rùn bí oògùn, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tí ń tà á, bí ó ti wù kí ó dínwó tó.

Àwọn ará wa tí ìwé yìí yóò bá ní Port Harcourt, Calabar àti Warri yóò ní ọ̀rọ̀ yìí kò kan àwọn, pé afẹ́fẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn kì í gbẹ. Òótọ́ ni. Ẹ̀yin ní láti gé tiyín tẹ́ẹ́rẹ́ ju tiwa lọ, kí ẹ ṣe é ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní nìkan, kí ẹ sì fi pẹpẹ orí ààrò parí rẹ̀. Ẹni tí ó ní ààrò búrẹ́dì inú ilé, kí ó fi iná rẹ̀ sí ìwọ̀n tí ó kéré jù, kí ó sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ díẹ̀ kí ooru tútù lè jáde. Àwọn ará Jos ní ọyẹ́ bíi tiwa. Òtútù òru wọn nìkan ni kí wọ́n tètè máa kó nǹkan wọlé fún.

Màmá lo ọ̀sẹ̀ méje lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí ó ń lọ, àpò tí ó gbé kì í ṣe èyí tí ó gbé wá: tòmátì gbígbẹ agolo mẹ́ta, ata, àlùbọ́sà, àti kúkà tí ó ní òun yóò fi han àwọn ẹgbẹ́ òun pé lúrú Haúsá lẹ́wù. Ó fi ọ̀bẹ iṣu rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó wa. Ní oṣù Kẹsàn-án tí ó kọjá, nígbà tí iṣu titun jáde, ó pè wá pé òun kò ní sá ohunkóhun títí ọyẹ́ yóò fi dé, kí a máa fi iṣu gún iyán ná.

Férémù mẹ́rin náà wà ní ilé wa, ó sì ṣófo láti ọ̀la di ọjọ́ Jímọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wo bí a ti kàn án kí ó lè gbé káfíńtà tirẹ̀ wá, tàbí tí ó bá fẹ́ yá méjì lò, kí ó bá ìyàwó wa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́ ní ọjọ́ Àìkú. Nẹ́ẹ̀tì òkè rẹ̀ ni kí ó mú tirẹ̀ wá, nítorí pé ewúrẹ́ ti jẹ tiwa kan.